Àdúgbò wo ni ká dé sí ní Edinburgh? Màmá wa ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin ti parí PhD ẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh, oṣù July ni wọ́n máa fi oyè náà lé e lórí ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní McEwan Hall. Èmi, Màmá wa tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 73, àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, la jọ ń lọ, ọjọ́ 6 la máa lò. A ò lè dé sọ́dọ̀ àbúrò mi torí yàrá kan ló ní nínú ilé tí òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jọ ń gbé. Orúnkún ọ̀tún ń yọ Màmá lẹ́nu gan-an, wọ́n lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú àmọ́ tó bá ti di àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Mo ti rí fúláàtì kan nítòsí Royal Mile, ó rẹwà nínú fọ́tò, kíṣìnì wà níbẹ̀, máàpù sì ní ìṣẹ́jú 8 ni béèyàn bá fẹsẹ̀ rìn dé McEwan Hall. Nọ́ńbà ilé yẹn ni 3F1. Ṣé kí n sanwó ẹ̀ àbí àdúgbò míì wà tó sàn jù? Ẹni tó bá mọ̀lú yẹn kó bá mi dá sí i, ẹ ṣé o.

Akin_Gorgie

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú oríire o, Màmá á jẹ èrè ọmọ pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó fúláàtì yẹn! 3F1 yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bí wọ́n ṣe ń kọ àdírẹ́sì níbí nìyẹn: 3F ni àjà kẹta, 1 ni ilẹ̀kùn kìíní lórí àjà yẹn. Ìyẹn ni pé Màmá máa gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀, nínú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lífítì kì í sábà sí, àtẹ̀gùn òkúta tó ń lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín ló wọ́pọ̀, àárín ẹ̀ á ti jẹ wọnú torí pé ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan kó ẹrù wọnú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tá a fi máa dé àjà kejì apá mi ti ń gbọ̀n, ẹni ọdún 38 ni mí o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúláàtì, GF ni kẹ́ ẹ máa wò nínú àdírẹ́sì, ìyẹn ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti máàpù. Máàpù tẹ́jú, Edinburgh ò tẹ́jú. Orí òkè ni Old Town, ìyẹn apá àtijọ́ ìlú tí Royal Mile wà, Castle ló wà lórí níbẹ̀, Royal Mile wá ń dà gẹ̀rẹ́ látibẹ̀ títí dé ààfin Holyrood nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀nà tóóró tó yà lára ẹ̀ lápá ọ̀tún àtòsì, close lorúkọ wọn, ọ̀pọ̀ wọn àtẹ̀gùn ni látòkè délẹ̀. Ẹ lọ wo fọ́tò Fleshmarket Close tàbí Advocate's Close ẹ máa lóye ohun tí mò ń sọ. Ìṣẹ́jú 8 tí máàpù sọ yẹn, ẹ ò mọ̀ bóyá inú irú ẹ̀ ló gbé yín gbà. Ibi tí kò sí àtẹ̀gùn náà, òkúta ni wọ́n tò sójú títì láwọn ibì kan, tí òjò bá ti rọ̀ ó ń yọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Leeds

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Akin lórí 3F1 yẹn, àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n sá fún Old Town. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. A wà níbẹ̀ November tó kọjá nígbà tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi gboyè, ìyá ọkọ mi tó ń lo ọ̀pá ló tẹ̀ lé wa, òtẹ́ẹ̀lì tó ní lífítì la dé sí, lórí George IV Bridge. Afárá ni títì yẹn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tó wà lọ́tùn-ún lósì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé orí afárá lẹ wà, ojú ẹ̀ tẹ́jú látorí Royal Mile títí dé National Museum ní Chambers Street, tẹ́ ẹ bá rìn síwájú díẹ̀ ẹ ti dé Bristo Square nìyẹn, ibẹ̀ ni McEwan Hall wà. Ìyá ọkọ mi fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé wọn.

Ohun tó dà wá láàmú ni afẹ́fẹ́. Wọ́n wé gèlè aṣọ òkè wọn, ó dúró dáadáa nílé, bá a ṣe bọ́ sórí afárá báyìí ni afẹ́fẹ́ kó sábẹ́ ẹ̀, èmi di ọ̀tún mú, ọkọ mi di òsì mú, bá a ṣe rìn dé gbọ̀ngàn nìyẹn. Kí Màmá fi píìnì mú gèlè wọn dáadáa o, tàbí kí wọ́n gbé e dání kí wọ́n wé e nínú ilé níbẹ̀.

Àléébù ibẹ̀ ni owó, ó wọ́n. Ariwo náà wà lálẹ́ Friday àti Saturday torí ilé ọtí pọ̀ láyìíká yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó kọjú sẹ́yìn.

Akin_Gorgie

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, orí afárá yẹn tẹ́jú, mo gbà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n lọ gba ilé tí wọ́n kọ "near George IV Bridge" sí lára kó wá jẹ́ Cowgate tó gba abẹ́ afárá yẹn kọjá. Lórí máàpù ńṣe ni títì méjèèjì fẹnu kora, lójú ayé ọ̀kan wà lókè èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Grassmarket náà bẹ́ẹ̀, ó rẹwà, àmọ́ ìsàlẹ̀ kòtò ló wà, òkè lẹ máa gùn jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Dàpọ̀_Leith

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ Leith o torí owó. Etí òkun ni Leith wà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú dáadáa, òtẹ́ẹ̀lì àti fúláàtì tuntun tó ní lífítì wà níbẹ̀, owó ẹ̀ sì máa ń dín sí ti àárín ìlú. Látọdún 2023 ni tírààmù ti dé ọ̀dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, tírààmù kan náà ló máa gbé yín kọjá Haymarket, á gba Princes Street, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Leith Walk, á dé The Shore, Newhaven ló ti ń padà. Ilẹ̀ ẹ̀ àti ilẹ̀ ibùdókọ̀ dọ́gba, ẹ kàn máa yí báàgì yín wọlé ni, Màmá ò ní gbé ẹsẹ̀ sókè rárá.

Èmi ti gbé ibí fún ọdún 7, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìlú ara ẹ̀ ni Leith tẹ́lẹ̀, ọdún 1920 ni wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ Edinburgh, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ọmọ yín náà á rí nǹkan wò, Britannia, ọkọ̀ ojú omi tí Ọbabìnrin Elizabeth máa ń wọ̀ kiri ayé, ó gúnlẹ̀ sí Ocean Terminal, lífítì wà tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ náà.

Fẹ́mi_Aberdeen

Dàpọ̀, Leith dáa, àmọ́ sọ ìyókù fún wọn: tírààmù ò dé McEwan Hall. Princes Street ló máa já wọn sí, àfonífojì wà láàárín ibẹ̀ àti Old Town. Bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, èyí tó ń ti Leith Walk gba North Bridge bọ́ sí South Bridge, tàbí kí wọ́n pe takisí dúdú, àwọn yẹn ní pátákó tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ fẹ́ni tí kò lè gbẹ́sẹ̀ ga. Lórí bọ́ọ̀sì Lothian, tẹ́ ẹ bá fi owó pépà sanwó wọn ò ní fún yín ní ṣéńjì o, káàdì ló dáa. Káàdì náírà míì kì í ṣiṣẹ́ téèyàn bá kàn fi kan ẹ̀rọ láìtẹ nọ́ńbà níbí, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ.

Dàpọ̀_Leith

Òótọ́ ni, bọ́ọ̀sì yẹn ni mo yẹ kí n mẹ́nu bà. Ẹ ṣé.

Alhaja_SouthSide

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú oríire. Newington ni kẹ́ ẹ lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé àdúgbò yẹn nígbà tí ọkọ mi ń kàwé, mo sì ti gba ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi lálejò níbẹ̀, ara tèmi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Lójú Minto Street àti Mayfield Gardens, ilé àlejò ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé olókùúta àtijọ́ tí wọ́n sọ di gẹ́sìtì háúsì. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lemọ́lemọ́, ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Nicolson Street, ìrìn díẹ̀ ló kù sí McEwan Hall, kò sí àtẹ̀gùn kankan lójú ọ̀nà. Mọ́ṣáláṣí ńlá Edinburgh wà ní Potterrow, ìtòsí gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni, tó bá jẹ́ mùsùlùmí ni yín ẹ máa kírun tán kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn yọ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà wà láyìíká yẹn náà, ẹ máa rí ata àti ìrẹsì rà.

Àmọ́ ẹ fetí sí mi. Gẹ́sìtì háúsì yẹn ní àtẹ̀gùn nínú, lífítì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ má kàn búùkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé sí onílé tààrà, ẹ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ torí orúnkún ìyá yín, ẹ bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Torí wọ́n á ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ẹ máa débẹ̀ ẹ máa bá àtẹ̀gùn mẹ́fà níta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ojoojúmọ́ la fi ń dì wọ́n mú.

Tí gẹ́sìtì háúsì ò bá ṣeé ṣe, ẹ wo Pollock Halls, ilé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yẹn fúnra ẹ̀ ni, lábẹ́ òkè Arthur's Seat. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n máa ń gba àlejò síbẹ̀. Inú mi dùn sí oríire yìí gan-an. Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gboyè ní yunifásítì yẹn tipẹ́, Dókítà Obadiah Johnson gba oyè MD ẹ̀ níbẹ̀ láyé Ọbabìnrin Victoria.

Ṣọlá_G

Kí ló dé tí wọn ò dé sí Glasgow? Rélùwéè ò ju bí ìṣẹ́jú 50 lọ, òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń pọ́ọ́kú níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Leeds

Ṣọlá, ìyẹn dáa fún ọ̀dọ́. Ayẹyẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ìyá ẹni ọdún 73 tó tó wé gèlè tán, kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀, tí rélùwéè ọjọ́ yẹn bá wá lọ pẹ́ ńkọ́? Waverley tí wọ́n máa bọ́ọ́lẹ̀ sí gan-an, inú àfonífojì tó wà láàárín Old Town àti New Town ló wà, ibikíbi tí wọ́n bá gbà jáde òkè ló wà níwájú wọn. Èyí tó bọ́ sí Princes Street ní àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra ẹ̀, àmọ́ ó ṣì kù kí wọ́n sọdá padà. Kí wọ́n sùn sínú ìlú tí ayẹyẹ wà.

Ṣọlá_G

Mo ti gbọ́ ma. Mi ò ronú kan ti Màmá.

Túnjí_alátọ̀ọ́jú

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ilé mẹ́ta ni mo máa ń wọ̀ lójúmọ́ ní New Town, torí náà mo mọ àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ti ilé mi lọ. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ New Town, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé torí títì ẹ̀ fẹ̀, tó gún régé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé James Craig ló ya àwòrán ẹ̀ ní 1767, ó wá gún bí ẹni fi rúlà fà á, George Street lókè tẹ́jú dáadáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá Queen Street lọ sápá àríwá, ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni, Dundas Street yẹn ẹ máa sọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ láàárọ̀, ẹ máa gùn ún padà pẹ̀lú omijé lálẹ́.

Èyí tó burú jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní "garden flat". Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Ìsàlẹ̀ ilé ni, abẹ́ ojú títì, àtẹ̀gùn òkúta ló máa ń wà níta tẹ́ ẹ máa gbà sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó ga, ó tóóró, ewédò máa ń hù sí i lára nígbà òjò. Ìyá kan tí mò ń tọ́jú ń gbé irú ẹ̀, ọjọ́ tí dókítà bá fẹ́ rí wọn a máa ń lò tó ìṣẹ́jú 10 lórí àtẹ̀gùn yẹn nìkan. Torí náà GF tí Akin sọ, ẹ bi wọ́n dáadáa bóyá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni lóòótọ́ àbí ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Stockbridge wà nísàlẹ̀ New Town, ọjà Sunday ibẹ̀ dùn ún lọ, ẹ̀gbẹ́ odò Water of Leith náà tura. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ ṣeré níbẹ̀, ẹ má dé síbẹ̀.

Bíọ́lá_Manchester

Ẹ dákun kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún fúláàtì èyíkéyìí, ẹ wo nọ́ńbà láísẹ́ǹsì. Lábẹ́ òfin Scotland báyìí, ẹni tó bá ń fi ilé gba àlejò onígbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìpolówó ilé náà. Mo ń sọ ọ́ torí pé wọ́n ti jẹ owó mi rí. Mo rí fúláàtì kan ní Marchmont, ọkùnrin tó ń polówó ẹ̀ ní kí n fi owó ránṣẹ́ sí báńkì òun tààrà kóun lè bá mi gé e, mo fi £420 ránṣẹ́. A dé ẹnu ọ̀nà lálẹ́ èmi àtàwọn ọmọ mi méjì, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ní òun ló ń gbé ilé òun látọdún mẹ́sàn-án, òun ò gba àlejò rí. Ojú ọmọ mi kékeré lọ́jọ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ má sanwó síta o, ibi tẹ́ ẹ ti búùkù ni kẹ́ ẹ ti san án.

Ẹ gba èyí tí wọ́n á dá owó padà tẹ́ ẹ bá fagi lé e, torí fisa lè pẹ́. Bákan náà, Edinburgh ti gbé owó orí àlejò kalẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá, fún òru 5 àkọ́kọ́, fẹ́ni tó bá sùn síbẹ̀ láti 24 July 2026 lọ. Tí ọjọ́ yín bá bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi í sínú ìṣirò.

Kúnlé_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́ mo ń yà á lò díẹ̀. August lèmi ń lọ ní tèmi, ṣé ìmọ̀ràn kan náà ni?

Akin_Gorgie

Rárá o Kúnlé. August ni ọdún eré Fringe, 1947 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gbogbo ayé ló ń ya wọ̀lú, owó yàrá á fò sókè, orí Royal Mile èèyàn ò ní lè sáré. Búùkù ní báyìí, wá ilé sítòsí tírààmù lápá Haymarket tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síta.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Háà, ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín náà. Mo ti fi 3F1 sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí gẹ́sìtì háúsì mẹ́rin ní Newington bí Alhaja ṣe wí, méjì ò dá mi lóhùn, ọ̀kan ní àjà kejì nìkan ló kù. Ọ̀kan yòókù ní àwọn ní yàrá ńlá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó lè gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí kíṣìnì, Màmá ò sì lè jẹ búrẹ́dì fọ́jọ́ 6. Ṣé kí n gbà á?

Alhaja_SouthSide

Gbà á. Àbúrò yín ní kíṣìnì níbi tó ń gbé, ṣebí PhD ò ní kó má lè ro àmàlà fún ìyá ẹ̀. Kó sè é kó gbé e wá nínú kúlà. Kẹ́ ẹ kọ̀wé sí yunifásítì náà nípa orúnkún Màmá kí wọ́n lè fi wọ́n síbi tí kò ní àtẹ̀gùn nínú gbọ̀ngàn, ẹ sì bèèrè nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn, kí wọ́n má dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ gbé wọn lọ sí Portobello, etí òkun ni, ojú ọ̀nà ìrìn ibẹ̀ gùn, ó tẹ́jú, bẹ́ńṣì wà níbẹ̀ tí Màmá lè jókòó sí, kọ́mọ máa fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Ẹ mú aṣọ dúdú kan dání tẹ́ ẹ máa fi dí fèrèsé torí ní July ilẹ̀ kì í tètè ṣú, aago 5 àárọ̀ ilẹ̀ á ti mọ́ kedere.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Mo ti gbà á, wọ́n ti fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, mo lè fagi lé e títí di ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé. Mo bi obìnrin onílé yẹn nípa àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó yà á ní fọ́tò fún mi lálẹ́ àná: méjì péré ni, irin ìdìmú wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fi han Màmá lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì làwọn á kọ́kọ́ gbé.